Àrùn Lùkúlùkú ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ogun Ńlá àkọ́kọ́ kò tíì parí nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast ní ọjọ́ 14 oṣù September ọdún 1918. Àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀. Láìpẹ́, ikọ́, ibà àti ara ríro gba ìlú kan. Àwọn wolé-wolé ń ti ilé dé ilé wá aláìsàn kiri, ẹ̀rù wọn sì ba ọ̀pọ̀ ènìyàn ju àrùn náà lọ. Wọ́n dì ẹrù, wọ́n sá. Àwọn kan wọ rélùwéè, àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú ọ̀sà. Ẹni tí ń sá fún àrùn ni ó ń gbé e lọ. Ọ̀sà sì ni ọ̀nà Ìjẹ̀bú sí Èkó nígbà náà. Ọjà Èjìnrìn ni àwọn oníṣòwò ti ń pàdé. Kò pẹ́ tí lùkúlùkú fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Kí ni ilé ìwòsàn lè ṣe? Dókítà ìjọba kò tó nǹkan ní gbogbo Nàìjíríà, ogun sì ti gba nínú wọn. Àìsàn náà kò sì mú ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan: odindi agbo ilé a dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ì bá bu omi fún aláìsàn a máa gbọ̀n lórí ẹní tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí egungun wọn le ni ó pa lápajù. Àwọn òpìtàn ṣírò pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Ní ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí péjọ fún àdúrà. Joseph Ṣadáre, alágbẹ̀dẹ wúrà, wà nínú wọn. Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ tí àrùn náà ti dá dùbúlẹ̀ rí, sọ pé a fi hàn òun pé omi òjò ni kí àwọn aláìsàn máa lò. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń jẹ́. Ní 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn wí, kí ó kọ́kọ́ rántí pé kò sí ilẹ̀kùn mìíràn tí wọ́n lè kàn. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní Ìlú Òyìnbó tó rí fáírọ́ọ̀sì tí ń fa irú àrùn bẹ́ẹ̀ nínú ara ènìyàn.

Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, ilẹ̀ Ògùn tún wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ará Ítálì kan balẹ̀ sí Èkó ní ọjọ́ 24 oṣù February, ó lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ewékorò. Ní ọjọ́ 27 àyẹ̀wò fi àrùn náà hàn lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù March ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ó nira fún ẹni tí ń ti ọjà òní jẹun òní, ìkùnsínú rẹ̀ sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé ìwòsàn tí ó ní ibùsùn 10, tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ń lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Bí 100 bá dé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, 90 yóò wà nílẹ̀. Bí 100 kan náà bá dé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, kò sí ẹni tí kò ní rí ibùsùn. Àkókò ni òfin náà ń rà fún àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà, irú èyí tí wọ́n wà ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n ti ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn tí àrùn mú.

Ní ọdún náà ọjọ́ kẹta Iléyá pé, ṣùgbọ́n ojúde Awùjalẹ̀ dá páropáro: kò sí ẹṣin, kò sí ìbọn, kò sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan tí ó jáde wá kí Ọba.