Kílọ́ọ̀ṣì Kì í Ka Kìlómítà

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Awakọ̀ ti ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

 

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ìbéèrè kan jáde tí àkókò kò jẹ́ kí a dáhùn: kílọ́ọ̀ṣì tí ọkọ̀ bá wá láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó pẹ́ tó kí ó tó jẹ tán? Ẹni tí ó béèrè kò fi ṣeré. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó sọ fún un pé kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ tí ó ń wà kò dé ibi tí ti ọkọ̀ kejì dé, nítorí náà òun ni yóò san owó rẹ̀. Irú ẹjọ́ báyìí ti pọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ wa. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a jókòó tì í lónìí, kí a tú u palẹ̀.

Kò sí iye kan pàtó. Àwọn tí iṣẹ́ yìí yé máa ń dárúkọ 80,000 sí 160,000 kìlómítà fún ọkọ̀ kékeré tí a ń wà bí ó ti yẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí ó gba àlàyé ni. Kílọ́ọ̀ṣì wà tí ó kọjá 200,000, èyí tí kò rí 40,000 sì wà. Ẹni tí ó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lè jó tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ orí òkè ni, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ọjọ́ kan ṣoṣo ti tó. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ gan-an kì í ṣèlérí. Ẹ wo ìwé ìdánilójú tí wọ́n ń fún ẹni tí ó ra ọkọ̀ tuntun: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ka láínìnì kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ohun tí ó ń jẹ bí a ti ń lò ó, bíi láínìnì bíréèkì, tí wọn kì í dúró fún un. Bí ẹni tí ó rọ ọkọ̀ kò bá lè dárúkọ iye kìlómítà, ta ni yóò wá jókòó sí ọ́fíìsì kí ó dárúkọ rẹ̀ fún awakọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo inú rẹ̀ ná, nítorí àwọn tí kì í ṣe mẹkáníìkì. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnì ni irin ńlá rìbìtì kan wà tí à ń pè ní fúláìwíìlì. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń yí ni òun náà ń yí. Pléètì kílọ́ọ̀ṣì ni ó tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n lẹ láínìnì mọ́, òun ni ó sì ń gbé agbára ẹ́ńjìnì wọ inú jíà. Lẹ́yìn pléètì ni pírẹ́ṣọ̀ wà, tí sípíríìnì líle fi ń tẹ pléètì mọ́ fúláìwíìlì. Bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí kílọ́ọ̀ṣì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ọ̀kan, wọn á máa yí pọ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀, pírẹ́ṣọ̀ á fà sẹ́yìn, pléètì á sì bọ́. Nínú ipò méjèèjì yìí, láínìnì kò ní ohun tí ó ń jẹ ẹ́. Àárín wọn ni ìjẹ wà: ìgbà tí a bá ń yọ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹ́ńjìnì ti ń sáré tí táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí, tí irin ń ha láínìnì. Híha yẹn ni ó ń mú ooru wá. Gbogbo sísanra pléètì ọkọ̀ kékeré nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun kò ju nǹkan bíi mìlímítà 8 lọ, èyí tí a sì rí lò nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 kí orí rífẹ́ẹ̀tì tó yọ síta. Mìlímítà méjì yìí ni gbogbo ẹjọ́ tí à ń rò.

Nítorí náà, gbígbéra ni kílọ́ọ̀ṣì ń kà, kì í ka kìlómítà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣírò. Ká ní awakọ̀ kan ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Títì márosẹ̀ yẹn, tí wọ́n ṣí ní 1978, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Bí ó bá lọ lẹ́ẹ̀mejì tí ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó ti rin kìlómítà 508. Ká ní ọ̀nà dán fún un (ẹ má rẹ́rìn-ín, a ní ká ní ni), tí ó dúró tí ó tún gbéra nígbà 40. Ká wá ní onídáńfó kan ń ná Òṣòdì sí Máìlì 2, tí ó rin kìlómítà 120 lóòjọ́, tí ó ń dúró lẹ́ẹ̀mẹrin ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ní ibùdókọ̀, ní ibi tí kọ̀ńdọ́ bá ti lu ara ọkọ̀, àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìgbà 480 ni ó gbéra. Bí kílọ́ọ̀ṣì ti Ìbàdàn bá pé 150,000 kìlómítà kí ó tó jẹ tán, kò tíì gbéra tó ìgbà 12,000. Bí ti onídáńfó bá jẹ tán ní 40,000, ìgbà 160,000 ni ó ti gbéra. Èwo nínú wọn ni ó ṣiṣẹ́ jù? Ẹni tí ó bá wo ojú mítà nìkan yóò dá onídáńfó lẹ́bi.

Àwọn àgbà awakọ̀ wa máa ń sọ pé kò sí kílọ́ọ̀ṣì bíi ti Peugeot 504 mọ́, pé ọkọ̀ òde òní ò lágbára. A kò bá wọn jiyàn lórí ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ gidi ni, àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa sì tò ó ní Kàdúná láti 1975. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni púpọ̀ nínú àwọn 504 yẹn ṣe? Ọ̀nà jíjìn ni: Èkó sí Bìní, Ìbàdàn sí Kánò, jíà kẹrin láti ìlú dé ìlú. Bí wọ́n bá kó irú 504 bẹ́ẹ̀ sí Òṣòdì láti máa gbé èrò kọ̀ọ̀kan, ìtàn mìíràn ni à bá máa gbọ́.

Gbígbéra náà kò dọ́gba. Ọkọ̀ tí ó rù ju agbára rẹ̀ lọ yóò ha láínìnì pẹ́ kí ó tó lè dìde, èyí sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù ilé-iṣẹ́. Awakọ̀ kọ́ ni ó ń di ẹrù sórí àjàgbé, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni ó ń san án. Òkè náà ńkọ́? Àwọn onítakisí Ìbàdàn tí ń gun Màpó pẹ̀lú Micra tí èrò kún inú rẹ̀ mọ ohun tí à ń wí. Jíà tí a fi gbéra sì ṣe pàtàkì ju bí púpọ̀ wa ti rò ó lọ. Ẹni tí ó ń fi jíà kejì gbéra nítorí pé ó ń kánjú, ooru tí ó ń dá sílẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́ta ti jíà kìíní, nítorí pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sáré gan-an kí pléètì tó bá fúláìwíìlì dọ́gba.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Apá kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì àwa awakọ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ń fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè, tí wọ́n ń tẹ iná díẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yí sẹ́yìn, títí tí òórùn yóò fi gbòde. Bíréèkì ọwọ́ ni a ṣe fún ìyẹn. Àwọn mìíràn sọ orí kílọ́ọ̀ṣì di àpótí ìtìsẹ̀: wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e láti ilé dé oko. Ìwúwo ẹsẹ̀ yẹn tó láti mú kí pírẹ́ṣọ̀ dẹ̀ díẹ̀, kí pléètì máa yọ̀, kí bẹ́ríǹgì sì máa yí láìsinmi. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, dípò kí a máa wọ́ tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí àyè ṣí sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá gbéra lẹ́ẹ̀kan. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò kó sínú àyè náà. Ẹ jẹ́ kí ó kó síbẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti ń lọ? Ní jíà gíga, lórí òkè tàbí nígbà tí ẹ bá tẹ iná lójijì, ẹ́ńjìnì yóò ké, ọkọ̀ kò ní tẹ̀ lé e. Ẹ lè dán an wò lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú ọkọ̀: ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi jíà kẹta sí i, ẹ rọra yọ ẹsẹ̀. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnì kú. Bí ó bá ń yí lọ ní tirẹ̀, pléètì ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe é léraléra, ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ títí tí rífẹ́ẹ̀tì yóò fi fa ojú fúláìwíìlì ya, owó ńlá ni. Nígbà tí wọ́n bá ti sọ jíà kalẹ̀, kí wọ́n pa pléètì, pírẹ́ṣọ̀ àti bẹ́ríǹgì dà pọ̀, nítorí iṣẹ́ kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ìyọ̀ mìíràn wà tí kò kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì bá ń jò, epo yóò rin láínìnì, pléètì tuntun pàápàá yóò sì máa yọ̀. Bí okùn kílọ́ọ̀ṣì bá le jù, pírẹ́ṣọ̀ kò ní lè tẹ̀ ẹ́ tán. Volkswagen ìjàpá àtijọ́ ní láti ní nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 20 tí ẹsẹ̀ yóò rìn lófìfo kí ó tó kan iṣẹ́. Títún irú nǹkan wọ̀nyí ṣe, gárèjì ni ó ni ín. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé pléètì àtijọ́ sọnù kí aṣojú ẹgbẹ́ tó fi ojú kàn án. Ara pléètì máa ń sọ̀rọ̀: èyí tí epo rin, èyí tí ó jó dúdú, èyí tí ó jẹ wẹ́kú dé rífẹ́ẹ̀tì nítorí iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́, wọn kò jọra.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ tiyín rèé. Láyé àtijọ́, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, ni wọ́n ń pò mọ́ láínìnì, nítorí pé kì í jóná. Ẹni tí eruku rẹ̀ bá wọ̀ nímú lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tàbí ti awọ tí ó bo ẹ̀dọ̀fóró. Ó sì lè tó 20 sí 40 ọdún kí ó tó fara hàn, nígbà tí ẹni náà ti fẹ̀yìn tì, tí kò sí ẹni tí yóò rántí gárèjì mọ́. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìyókù irú rẹ̀ ní 1999. Ojú lásán kò lè mọ èyí tí ó wà nínú pléètì àtijọ́ tàbí àlòkù. Ẹ má fi kọ̀ǹpẹ́ṣọ̀ fẹ́ eruku inú ilé kílọ́ọ̀ṣì láéláé, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ bo imú, kí ẹ má sì wọ aṣọ iṣẹ́ yẹn délé bá àwọn ọmọ.

Ó wá ku ti owó. Òfin Iṣẹ́ ti 1974, tí ó wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004, sọ ní abala 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ nínú owó òṣìṣẹ́ bí kò ṣe èyí tí òfin gbà. Bí òfò bá ṣẹlẹ̀, lébọ̀ ọ́físà tí ìjọba fún láṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ ni ó fa òfò náà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ ní oṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà. Kílọ́ọ̀ṣì tí ó jẹ tán nítorí iṣẹ́ kì í ṣe àìbìkítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó fún ọlọ́kọ̀ lóòjọ́ kò sí lábẹ́ irú ààbò yìí bí ti olówó oṣù, nítorí náà kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ìwé, níwájú ẹlẹ́rìí, ẹni tí yóò ra kílọ́ọ̀ṣì.

A ti ṣe ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan: ọjọ́, ọ̀nà tí ọkọ̀ ná, iye ìdúró ní ìrìn kan, ẹrù tí ó gbé, ọjọ́ tí awakọ̀ fi ẹjọ́ kílọ́ọ̀ṣì sun gárèjì àti orúkọ ẹni tí ó gbà á. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀ kí ó tó lọ. Ẹni tí wọ́n bá sì ti yọ owó kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mú ìwé owó oṣù náà wá fún ìgbìmọ̀ kí oṣù yìí tó parí.