Ìrántí Kọ̀ǹpútà Inú Ilé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa ní Kúta)

Wọ́n ní kí á sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, a sì yàn láti sọ nípa kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú ilé. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti pa ìdánwò orí ìwé tì, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń ṣe é. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí títí di ọjọ́ ìdánwò, aago ni yóò bá jà, kì í ṣe ìbéèrè.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó àti lókè òkun ń gbìyànjú, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ẹ̀rọ náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ìgbín. Bàbá á ní ó ti kú, wọ́n á gbé e sábẹ́ ibùsùn, wọ́n á sì ránṣẹ́ pé kí òmíràn máa bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kú rárá: àyè ni ó há fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọjà ṣe àpèjúwe. Ìyá tí ń tajà ní Odò-Orí ní Ìwó ní yàrá ẹrù nílé, ó sì ní àtẹ níwájú rẹ̀. Yàrá ẹrù ni hard disk, níbi tí ohun tí a fi pamọ́ ń gbé bí iná tilẹ̀ lọ. Àtẹ ni ìrántí tí wọ́n ń pè ní RAM: orí rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kó ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ sí, bí a bá sì ti pa ẹ̀rọ, ó di òfìfo. Bí àtẹ bá kéré, ìyá ọlọ́jà á máa sáré lọ sílé, á máa sáré bọ̀, ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá béèrè nǹkan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà tí ìrántí rẹ̀ kò ju 2GB tàbí 4GB ṣe ń làágùn nígbà tí ọmọ bá ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́fà pọ̀. Bí a bá sọ ọ́ di 8GB, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ mìíràn ni.

Kí á tó náwó, ẹ jẹ́ kí á wádìí. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ tẹ Performance, lẹ́yìn náà Memory. Bí ẹ̀rọ bá ń lo 90% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìrántí ni ó kéré. Bí ìrántí bá ṣẹ́ kù dáadáa, tí Disk sì wà ní 100% nígbà gbogbo, ẹ má ra RAM o: hard disk àtijọ́ tí ń yí ni ó ń dí i lọ́wọ́, SSD ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

DDR3, DDR4 àti DDR5 kò lè gba ipò ara wọn. Ibi tí wọ́n gé lára ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó mú èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ dání. Àwọn kan wà, bíi MacBook Air, tí wọ́n ti jó ìrántí wọn mọ́ inú ẹ̀rọ. Kò sí àfikún fún wọn. Bí Windows bá sì jẹ́ ti 32-bit, kò lè lò ju 4GB lọ.

Fífi í sí i kò le. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná àti bátìrì, ẹ fọwọ́ kan irin kí iná ara yín má baà ba nǹkan jẹ́. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ kì í bọ̀ ọ́ ní dídagun, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò fi mú un.

Ohun kan wà tí RAM kò lè ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ kò lè gba Windows 11, bí ìrántí wọn ti wù kó pọ̀ tó. Owó RAM pàápàá fò sókè ní ìparí ọdún 2025, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń rà á jọ fún ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, kí ẹ tó di ẹrù, ẹ wo iye ìrántí tí ó wà nínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì kọ irú DDR rẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ gbé èyí tí ó wà lábẹ́ ibùsùn jáde. Àwa olùkọ́ yóò bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, a kò sì ní gba kọ́bọ̀.