Dòdò Ìkirè Nìkan Kọ́: Bí A Ṣe Lè Mú Ẹbí Wa Lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Igbó Ọba

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí, mo rò pé owó ẹgbẹ́ tí mo jẹ ni ó fẹ́ bèèrè. (Mo ti san án o, rìsíìtì wà nínú báàgì mi.) Àṣé ó fẹ́ kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ ni. Ó ní kí n sọ ohunkóhun tó bá wù mí, bí kò bá ṣá ti jẹ́ òṣèlú. Ohun tí mo mú wá nìyí: bí a ṣe lè kó àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù, àti igbó ọba, kí wọ́n sì mú nǹkan kan bọ̀ wálé nínú orí wọn.

Ẹ ó rántí lọ́rì ilé-ìwé wa. Ẹ ó rántí bí a ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi tí eruku bò wá láti orí dé ẹsẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n kó wa lọ sí Ifẹ̀. Ọ̀gá wa tí ń kọ́ wa ní Ìtàn mú wa dúró síwájú orí idẹ kan, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. À ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún pé, wọ́n bi wá pé: “Ihò wẹ́wẹ́ tó yí ẹnu rẹ̀ ká yìí, kí ni ẹ rò pé wọ́n wà fún?” Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Wọ́n ní kí a lọ rò ó. Ó ti ju ogójì ọdún lọ báyìí, mo ṣì ń rò ó.

Ilé-ìwé àwọn ọmọ ọmọ tèmi náà ń ṣe èkísíkọ́ṣọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ti ń jẹ áísìkiriìmù ni wọ́n ń kó wọn lọ. Mi ò bínú sí áísìkiriìmù. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé bí a bá ń retí kí ẹlòmíràn mú wọn lọ wo ohun tí ó jẹ́ tiwọn, a ó retí títí. Àwa náà ni lọ́rì báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe bà á jẹ́. Ní 1994, èmi àti ọkọ mi kó àwọn ọmọ wa, a gbéra láti Ìbàdàn. Ètò tí mo kọ sórí ìwé ni pé a ó wo mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀, a ó dé ibi omi Olúmirin tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, a ó sì gba Òṣogbo padà kí a lè wo igbó Ọ̀ṣun. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ní Ìkirè a dúró ra dòdò. Ní Ifẹ̀ a sáré wọlé, a sáré jáde, bóyá ni a lo ogún ìṣẹ́jú. Ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, òjò ti rọ̀ sílẹ̀ de wa, òkúta ń yọ̀, èyí tó kéré jù ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Nígbà tí a dé Òṣogbo, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ti ti ẹnu ọ̀nà. Èmi àti ọkọ mi kò bára wa sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ ní kí ọmọ mi àgbà kọ àròkọ lórí ibi tó lọ. Odidi ojú ewé kan ló fi kọ nípa dòdò Ìkirè: bó ṣe dúdú, bí ata inú rẹ̀ ṣe ta á lẹ́nu, iye tí a rà á, àti bí àbúrò rẹ̀ ṣe jí tirẹ̀ jẹ. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ni Ifẹ̀ wà. Ó ní: “A tún dé Ifẹ̀.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Dòdò nìkan ni ohun tí a jẹ́ kó dúró tì pẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún 1996, a tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí ibì kan ṣoṣo ni a lọ, Èsìé ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. A sì mú ìyá mi dání, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ọmọ Ìgbómìnà ni wọ́n.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé Èkó ni mùsíọ́ọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Rárá o. Èsìé ni, ní 1945. Ti Jọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e ní 1952, ti Ifẹ̀ ṣí ní 1954, ti Oníkàn l'Ékòó ní 1957. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ gbọ́ èyí náà: alábẹ̀wò ilé-ìwé ni ẹni tó ròyìn ibẹ̀ fáyé gbọ́ ní 1933, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ramshaw, ti ìjọ CMS. Àwọn ará Èsìé ní tiwọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀. Ère òkúta ni, irú òkúta tó rọ̀ tí irin lè gbẹ́ wẹ́rẹ́, wọ́n sì lé ní 800. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó. Àwọn kan mú ohun ìjà dání, àwọn kan mú ohun èlò orin. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti kán lórí. Àwọn ará ìlú ń pìtàn pé àlejò ni wọ́n tó di òkúta. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀ fún ọmọdé nìyẹn, nítorí pé ìbéèrè tí àgbà kò rí ìdáhùn sí, ọmọdé náà lè dá sí i láìbẹ̀rù.

Mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àjákọ kan àti pẹ́ńsù. Iṣẹ́ kan péré ni mo rán wọn: kí olúkúlùkù wá ère kan tó wù ú, kó yà á, kó sì sọ ohun tó rò pé ẹni náà ń ṣe kó tó di òkúta. Ó di kẹ́kẹ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, yan èyí tó ní ilà lójú. Bó ṣe ń yà á lọ, ó gbójú sókè, ó wo ìyá mi, ó tún wo ère náà. Ó ní: “Ìyá àgbà, ta ló kọ tiyín?”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yìí ló ti ń rí ojú ìyá mi. Èmi tí wọ́n bí mi lọ́mọ, tí mo sì ti lé ní ogójì ọdún, mi ò bèèrè rí.

Ìyá mi wá ibì kan jókòó sí. Wọ́n sọ orúkọ olóòlà náà, wọ́n sọ ìlú tó ti wá. Wọ́n ní omi ìgbín ni wọ́n fi tu àwọn lójú. Wọ́n ní àbúrò àwọn ọkùnrin kò kọlà nítorí pé nígbà tí wọ́n fi bí i, bàbá àwọn ti di onígbàgbọ́. Láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sórí agbo-ilé tí ìyá tiwọn ti wá, orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí láyé mi. Ó lé ní wákàtí kan. Ọkùnrin tó ń mú wa yíká, tí mo ti ń bẹ̀rù pé yóò máa kánjú, fà ìjókòó mọ́ wa, ó ń mi orí. Ìyá mi fi ayé sílẹ̀ ní 2001. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa agbo-ilé yẹn lónìí, inú ìwé àjákọ ọmọ náà ló wà, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán ère.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ibì kan lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ kan fún ọmọ, kí ẹ sì mú àgbà kan dání bí ẹ bá ṣì ní i.

Kí ẹ yan ibi tí orúnkún àgbà náà lè gbà. Òkè Ìdànrè dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ìkogòsì ní Èkìtì ni mo máa ń sọ fún àwọn tó ní ìyá àgbà nílé. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn wá láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì pàdé níbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ ki ọwọ́ kan bọ èyí, kó ki ọwọ́ kejì bọ ìkejì, kó wá sọ fún yín ohun tó rò pé ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹ má tètè sọ ìdáhùn fún un.

Igbó Ọ̀ṣun tí a kò rí wọ̀ ní 1994, a ti padà lọ. Hẹ́kítà 75 ni, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ńlá. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Susanne Wenger, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ mọ àwọn ère inú rẹ̀, kú ní 2009. Ìbéèrè tí mo bi àwọn ọmọ níbẹ̀ ni pé, kí ló dé tí igi wọ̀nyí ṣì dúró nígbà tí wọ́n ti gé gbogbo tó yí wọn ká? Wọ́n rò ó títí. Èèwọ̀ ni: a kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pa ẹja, a kì í gé igi.

Mo mọ̀ pé a ní pásítọ̀ àti àlùfáà nínú sẹ́ẹ̀tì wa, mo sì rí i tí ọ̀kan nínú yín ń fà sẹ́yìn lórí àga. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ mọ̀ mí. Wíwò ni mo lọ wò. Ṣùgbọ́n bí ọkàn yín kò bá gbà á, ẹ má fi ipá ṣe é, nítorí pé ọmọ yóò rí ìbẹ̀rù lójú yín, ìyẹn ni yóò sì gbé wálé. Ẹ lọ sí Lẹ́kkí l'Ékòó, ọgbà hẹ́kítà 78 tí àwọn NCF dá sílẹ̀ ní 1990. Ọ̀bọ wà níbẹ̀ dáadáa. Afárá tí wọ́n gbé sókè láàárín orí igi níbẹ̀ gùn tó mítà 401, ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i. Èmi kò gùn ún. Mo dúró nísàlẹ̀ di bàtà mú.

Ní ti igbó ọba Ọ̀yọ́ Ilé, ẹ ṣe sùúrù. Ó tóbi tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512, ahoro olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí àwọn baba wa sá fi sílẹ̀ láàárín 1830 sí 1840 sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má lọ nígbà òjò. Koríko á ti ga ju ènìyàn lọ, omi á sì wà níbi gbogbo, nítorí náà ẹranko kò ní ìdí kan tí yóò fi wá sí etí odò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi ń dín kù, tí wọ́n sì ń kó ara wọn jọ síbi tó kù sí. Ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ìlú kò rí bí ó ti rí nígbà tí a ń gun lọ́rì. Bí ẹni tó ń gbé àdúgbò bá ní kí ẹ má wá lóṣù yìí, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Kí ilẹ̀ má sì ṣú yín sọ́nà níbikíbi tí ẹ bá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí níbẹ̀, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ọ̀kan nínú àwọn orí Ifẹ̀ tí wọ́n wú jáde ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí àwọn kan ń wa ìpìlẹ̀ ilé, wà ní British Museum. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ti Wembley ní 1924, àwọn òyìnbó sì ṣe àga ọba kan fún Ògògà ní pàṣípààrọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ẹ mú àwọn ọmọ dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọn ì bá gba àga.

Owó ńkọ́? Owó ìwọlé kì í sábà pọ̀, epo mọ́tò ni ìṣòro. Ẹ di oúnjẹ láti ilé. Ẹ bèèrè ilé ìgbẹ́ kí ẹ tó bèèrè ère. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n gbà kí a ya fọ́tò. Fóònù àwọn ọmọ, ẹ gbà á ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì fi tiyín náà sápò, ibẹ̀ ló le jù.

Ìgbìmọ̀ ti gbà pé a ó háyà bọ́ọ̀sì kan lọ sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ kejì ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan mú ọmọ tàbí ọmọ ọmọ kan wá, kì í ṣe méjì, bọ́ọ̀sì kò gbà á. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́yìn yàrá. Ọ̀gá wa, ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú mi yìí, mo ti kọ orúkọ yín sí ìjókòó iwájú. Mo ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ kan ní irùngbọ̀n ni wọ́n ń so mọ́ ihò wẹ́wẹ́ yẹn, àwọn mìíràn ní ìbòjú ìlẹ̀kẹ̀ ni, bíi ti adé. Ẹ kò tíì sọ tiyín fún wa.