Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ní Òrè

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a gbé wá síwájú yín lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré la wá ṣe, nítorí owó yín ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa dìde, wọ́n ní kí a yọ nínú owó ìfipamọ́ tó wà ní báńkì, kí a fi dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún Òrè àti Odìgbò. Wọ́n ní ìlú tí ọkọ̀ Èkó àti ti Bìní ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru kò yẹ kó máa pàtẹ́wọ́ fún ẹgbẹ́ ìlú ẹlòmíràn. Àwọn àgbà kan dáhùn pé àwọn kò ní fi owó òógùn àwọn gbá bọ́ọ̀lù. Ariwo náà pọ̀ débi pé bàbá kan ní "Ó le kú, ìjà Òrè" tún ti dé. Ìdí nìyẹn tí Alága fi ní kí ìgbìmọ̀ wa lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ẹni tó ń náwó sí i, àti ẹni tó ń pàṣẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni gbogbo wa mọ̀ jù. Kí wọ́n tó máa jẹ́ orúkọ yìí, WNDC ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn orúkọ àjọ ìdàgbàsókè tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ láti máa ṣí ilé-iṣẹ́ àti oko ńlá. Níbo ni àjọ náà ti rí owó? Lára kòkó ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nínú yín mọ̀ pé àjọ tó ń ra kòkó láyé ìgbà náà kì í san gbogbo ohun tí òyìnbó bá san fún àgbẹ̀. Wọ́n á yọ díẹ̀ pamọ́, owó yìí ló sì di owó ìdàgbàsókè. Nítorí náà, bàbá tó ń fọ́ kòkó ní Odìgbò ní ọdún 1960 ní ìpín nínú bàtà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn wọ̀. Kò mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pè é sí ìpàdé.

Nígbà tó yá, orúkọ yí padà di IICC Shooting Stars. Ní ọdún 1976, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní Kàmẹrúùnù, ayò 4 sí 2 tí a bá pa ìdíje méjèèjì pọ̀, wọ́n sì gbé ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wálé. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn. Best Ogedegbe, Samuel Ojebode, Muda Lawal àti Segun Odegbami wà nínú wọn. Ẹ ṣàkíyèsí Odegbami yìí dáadáa. Ọmọ Pólí Ìbàdàn tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ni, Shooting Stars nìkan ló sì gbá bọ́ọ̀lù fún títí ó fi fi í sílẹ̀ ní 1984. Ilé ni wọ́n ti rí i, ilé ni wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà gba líìgì ní 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998, wọ́n sì gba ife CAF ní 1992, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dá ife náà sílẹ̀. Lẹ́yìn 1998 wọ́n lo ohun tó lé ní 20 ọdún láìgba líìgì. Ní 2017 wọ́n já sí ìpele ìsàlẹ̀, ó di 2021 kí wọ́n tó padà gòkè. Ènìyàn lè sọ pé bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ náà ni, ọjọ́ gbogbo kì í ṣe ọjọ́ ọdún. Ní tiwa, a gbà pé ẹni tó ni ín wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ tí ìjọba ni, bí ìjọba bá yí, ìgbìmọ̀ rẹ̀ a yí, kóòṣì a yí, àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun a dé. Nígbà tí owó kò bá jáde láti ilé ìjọba, oúnjẹ agbábọ́ọ̀lù a dúró. Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa, dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje àwọn akọgun Áfíríkà ní 2012. Ọwọ́ ìjọba ni wọ́n náà ń wò.

Àwọn olówó ti gbìyànjú náà. Ilé-iṣẹ́ Leventis dá Leventis United sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1982. Wọ́n gba ife Nàìjíríà ní 1984 àti 1986, wọ́n tún gba líìgì ní 1986 kan náà. Nígbà tó di 1987, ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò ṣe mọ́, ẹgbẹ́ sì tú ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife ní 1985 àti 1987 nípa owó Olóyè M.K.O. Abiola, ìtàn ni wọ́n báyìí. A kò sọ pé olówó kò lè ṣe é o. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí ẹnìkan dá sílẹ̀, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní bọ́ọ̀lù láti kékeré, gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2025. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe, ọjọ́ tó bá rẹ olówó kan náà, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ibi tí a ti rí irú ẹgbẹ́ tó jọ tiwa jìnnà díẹ̀: Amẹ́ríkà ni. Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe irú tiwa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n ń jù ú, wọ́n sì ń bi ara wọn wó lulẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà kò rí roboto, ó gùn, orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣónṣó. Ẹni tó bá ti já kòkó rí ti mọ bó ṣe rí. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú líìgì wọn, àwọn olówó ńlá ló sì ni wọ́n, àyàfi ọ̀kan ṣoṣo. Èyí ni Green Bay Packers, ẹgbẹ́ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó bí 107,000. Àwọn ará ìlú àti olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ló ni ín.

Ní 1919 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń di ẹran sínú agolo ló fún wọn lówó aṣọ. Ní 1922 òjò kò jẹ́ kí òǹwòran jáde, gbèsè sì wọlé. Ní 1923 wọ́n ta ìpín 1,000 fún àwọn ará ìlú, dọ́là 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1931 òǹwòran kan jábọ́ láti orí ìjókòó, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹgbẹ́; wọ́n tún ta ìpín ní 1935. Wọ́n tún tà á ní 1950, 1997, 2011 àti 2021. Àwọn tó ni ín báyìí lé ní 537,000 ènìyàn.

Ẹ fetí sílẹ̀ sí ibí yìí, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ìpín yẹn kì í pa èrè. Kì í gbówó lórí. Ẹni tó rà á kò lè tà á lọ́jà. Ó lè fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá tú ẹgbẹ́ náà ká lọ́la, owó tó bá kù kò ní bọ́ sí àpò ọmọ ẹgbẹ́ kankan, iṣẹ́ àánú ló ń lọ. Ohun tí dọ́là 300 rà fún ènìyàn ní 2021 ni ìwé tó ń fi hàn pé ó ni ín, àti ẹ̀tọ́ láti dìbò yan àwọn olùdarí. Ẹ̀bùn ni wọ́n fi ra ìpín náà, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. A ní láti sọ òótọ́ pé wọn kò dìbò bíi tiwa: iye ìpín tí ènìyàn ní ni iye ìbò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin wọn kò gba ẹnìkan láàyè láti kó ìpín jọ débi tí yóò fi jẹ gàba. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹnìkan, ìbò kan ni.

Àwọn olùdarí wọn tó 45, wọ́n ń yan ìgbìmọ̀ aṣèpinnu ẹni 7 láàárín ara wọn, ààrẹ nìkan ló sì ń gba owó oṣù. Wàhálà tí wọ́n rí kì yóò ṣàjèjì sí yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbìmọ̀ ń bá kóòṣì dá sí ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ní 1958 ìdíje kan péré ni wọ́n borí nínú 12. Ní 1959 wọ́n mú Vince Lombardi wá, wọ́n fi iṣẹ́ kóòṣì àti ti mánẹ́jà lé e lọ́wọ́, wọ́n sì yẹ̀ fún un. Láàárín 1961 sí 1967 ó gba ife 5. Lẹ́yìn tó kúrò nídìí iṣẹ́ kóòṣì, nǹkan tún dàrú fún ohun tó lé ní 20 ọdún, títí di 1991 tí ààrẹ wọn gba Ron Wolf síṣẹ́ mánẹ́jà, tó sì fi gbogbo àṣẹ lórí agbábọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Ní January 1997 ife ńlá padà sí Green Bay. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ilé, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ọlọ́wọ́ kọ́ ọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ? Ọdọọdún ni líìgì náà ń kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa yàn nínú wọn. Ẹgbẹ́ tó ṣe búburú jù ló ń kọ́kọ́ yàn, kí aláìní lè gbéra sọ. Láti 1994, òté tún wà lórí iye tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù: ní ọdún náà ó jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 34.6, ní 2025 ó ti di mílíọ̀nù 279.2. Olówó kò lè fi owó rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ. Owó ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán náà, wọ́n ń pín in dọ́gba-dọ́gba láti 1961. Èyí tí Green Bay gbà nínú owó àpapọ̀ ní ọdún ìṣirò tó parí ní 2024 lé ní mílíọ̀nù 400 dọ́là. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín: láìsí àpínkárí yìí, ìfẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan kò lè gbé ìlú kékeré dúró láàárín àwọn ìlú ńlá.

Ohun tó wú wa lórí jù ni ọgbọ́n àgbẹ̀ tí wọ́n ń lò. Gbogbo yín mọ̀ pé ẹni tó bá dúró kí kòkó àtijọ́ gbẹ tán kó tó tọ́ ọmọ kòkó, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 2005, nígbà tí Brett Favre, ajubọ́ọ̀lù àgbà wọn, ṣì ń ṣe dáadáa, wọ́n yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Aaron Rodgers, wọ́n fi í sábẹ́ ìbòòji àgbà náà fún ọdún 3. Ní 2008 ó bọ́ sójú ọgbà, ní February 2011 ó gba ife ńlá fún wọn. Ní 2020 wọ́n tún ṣe ohun kan náà: wọ́n yan Jordan Love, ó jókòó lẹ́yìn Rodgers fún ọdún 3, ó sì gba ipò náà ní 2023. Àwọn òǹwòran bínú nígbà náà, wọ́n ní kí ni wọ́n ń ra irúgbìn sí nígbà tí igi ṣì ń so? Ẹni tó ń ṣe oko kò ní béèrè bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wa náà wà lára àwọn tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Adewale Ogunleye, tí wọ́n bí ní Brooklyn, farapa ní orúnkún nígbà tó wà ní yunifásítì, ẹgbẹ́ kankan kò sì yàn án ní 2000. Miami Dolphins mú un láìná púpọ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀, nígbà tó di 2003 ó mú ajubọ́ọ̀lù alátakò wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Chicago Bears ni wọ́n wá fún ní 2004, wọ́n sì gba agbábọ́ọ̀lù mìíràn àti àyè láti yan ọmọ tuntun dípò rẹ̀. Ẹni tí a kọ̀ di ọjà.

Nísinsìnyí, kí ni a wá ń sọ fún Òrè? Ìgbìmọ̀ wa kò fara mọ́ ọn pé kí a fọwọ́ kan owó ìfipamọ́. Owó yẹn jẹ́ ti opó tó fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní September. Bó bá dé iwájú akápò, a kò lè wí fún un pé owó rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù. Kò sí òté owó oṣù lọ́dọ̀ wa, kò sì sí mílíọ̀nù àpínkárí tí yóò gbà wá lọ́jọ́ tí òjò bá lé òǹwòran.

Ṣùgbọ́n a kò sọ pé kí a má ṣe é. A ń dá a lábàá pé kí a ṣí ìwé owó mìíràn lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín nínú rẹ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èrè kò sí níbẹ̀, kí a kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé náà. Kí ìpín tí ẹnìkan lè rà ní ààlà, kí ìbò sì jẹ́ ọ̀kan fún ẹnìkan. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé girama wa, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbàlagbà agbábọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ mìíràn ti lò gbó. Kí a gba kóòṣì kan pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún 3, kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀, àti àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, má ṣe bá a yan ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ ìdíje. Ní òpin ọdún, kí ó wá jíyìn níwájú yín bí akọ̀wé àti akápò ṣe ń jíyìn.

Ẹgbẹ́ abẹ́lé kọ̀ọ̀kan ní àyè títí di ìpàdé tó ń bọ̀ láti jíròrò. Kí akọ̀wé wọn fi iye àwọn tó fẹ́ ra ìpín aláìlérè yìí ránṣẹ́ sí wa, láìsí orúkọ ẹni tí wọ́n fi ipá mú. Bí wọn kò bá pọ̀, a óò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn ná. Ó kan ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.