SÀÁRÀ KÌ Í SAN GBÈSÈ
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò)

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tí ẹ̀sìn Krístì wí nípa ìṣẹ́ àti ìnilára. Èmi kì í ṣe àlùfáà. Oníṣòwò ni mí. Ọ̀rọ̀ náà kò sì yọ àwọn Mùsùlùmí àárín wa sílẹ̀, nítorí ìṣẹ́ kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni kó tó wọlé.

Àwa Yorùbá a máa wí pé ìka kò dọ́gba. Bí a bá rí ẹni tí ìyà ń jẹ, a ó ní kádàrá rẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ mẹ̀kúnnù pé kí ó fara da ìyà, pé ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ọlọ́ràá wà lọ́wọ́ ìdílé díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ro ó kò sì ní ebè kan.

Ní 1968, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà ti ìhà ibẹ̀ pé jọ ní ìlú Medellín, ní Kòlóńbíà. Wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ìṣẹ́ náà kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, pé ètò ìrẹ́jẹ tí ọwọ́ ènìyàn tò ló fà á. Ní 1971, àlùfáà kan ní Peru, Gustavo Gutiérrez, tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀kọ́ yìí, tí a ń pè ní ẹ̀kọ́ ìdáǹdè. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn dára, ṣùgbọ́n àìrí-jẹ àìrí-mu jẹ́ ohun búburú lójú Ọlọ́run. Ẹni tó bá sì yàn láti bá òtòṣì gbé, kí ó lè bá a kọ ìyà ni, kì í ṣe kí ó lè máa yin ìṣẹ́.

Ẹ wo ìwé Ẹ́kísódù. Nígbà tí igbe àwọn ẹrú dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, kò rán Mósè pé kí ó lọ fi oúnjẹ tù wọ́n nínú. Ó rán an pé kí ó lọ kó wọn jáde. Jákọ́bù náà kìlọ̀ fún ọlọ́rọ̀ pé owó iṣẹ́ tí ó dá dúró ń ké, Ọlọ́run sì ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí gba ẹ̀mí. Óscar Romero, bíṣọ́ọ̀bù àgbà San Salvador, a máa dárúkọ àwọn tí wọ́n pa nínú ìwàásù rẹ̀ lórí rédíò. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, 1980, ó bẹ àwọn sójà pé kí wọ́n má ṣe gbọ́ràn sí àṣẹ àtipa ará ìlú wọn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yìnbọn pa á níbi tí ó ti ń ṣe Máàsì. Ní 2018, Póòpù Francis kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́.

Àwọn kan ní òṣèlú ni gbogbo èyí. Ní 1984, Róòmù kìlọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀kọ́ náà ti gba ìrònú Karl Marx mọ́ra jù. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìkìlọ̀ yìí ṣe àwáwí láti máa wo tálákà níran.

Ó wá ku tiwa. Ẹgbẹ́ wa ń dá owó fún aláìsàn àti fún ìsìnkú. Kí a má ṣe dẹ́kun. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó sin ọ̀gá rẹ̀ pé ọdún àdéhùn, tí kò rí owó tí yóò fi dá dúró ńkọ́? Alábàárù tó ru ẹrù wa, tí a ní kó padà wá lọ́la ńkọ́? Bí a bá fún irú wọn ní ọrẹ, a kò tíì ṣe wọ́n lóore. Sàárà kì í san gbèsè.

Àbá mi rèé: kí ẹ̀ka yan àgbà mẹ́ta tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ owó iṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹni tó bá jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó, kí a má ṣe gba ọrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ títí yóò fi san án. Òtítọ́ ni, ìka kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Kí Ọlọ́run bùkún ẹgbẹ́ wa.