Pápá Gọ́ọ̀fù Oníhò Méjìlá ní Erékùṣù Arran



Gọ́ọ̀fù jẹ́ eré tí a ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kékeré kọjá lórí pápá títí yóò fi wọ inú ihò. Ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù lọ ni ó borí. Ihò 18 ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ pápá tí a ti ń ṣe ìdíje eré yìí káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ní abúlé Blackwaterfoot, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Arran ní ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, pápá kan wà tí a ń pè ní Shiskine. Ihò 12 péré ni ó ní.

Ní ọdún 1896 ni a dá pápá náà sílẹ̀. Willie Fernie, ẹni tí ó borí nínú ìdíje ńlá tí a ń pè ní Open ní 1883, ni ó kọ́kọ́ là á. Ilẹ̀ tí ó bá níbẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkun wà ní apá kan, òkè àpáta Drumadoon sì dúró gangan bí ògiri. Ní ayé ìgbà náà, kò sí katakata tí ń wó òkè palẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti rí ni à ń tẹ̀lé e. Títí di òní, orí òkè ni ihò kẹta wà, Ìtẹ́ Kannakánná sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ kò lè rí ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí. Àwọn tí ó ṣíwájú ni yóò fún un ní àmì pé ọ̀nà ti là.

Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, a fẹ pápá náà títí ó fi di oníhò 18, kí ó lè bá àwọn yòókù dọ́gba. Díẹ̀ nínú àwọn ihò tuntun náà wà lókè Drumadoon gan-an. Ogun dé, a pa àwọn ihò òkè tì, 12 ni ó sì kù.

Ǹjẹ́ àbùkù ni èyí? Rárá o. Ihò 12 náà ni ó wà ní pápá Prestwick, ní òdì kejì omi, nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe ìdíje Open níbẹ̀ ní 1860. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn olùdíje 8 yí pápá náà po ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní St Andrews pàápàá, ihò 22 ni wọ́n ń gbá kí wọ́n tó dín in kù sí 18 ní 1764.

Lónìí, àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Arran láti gbá bọ́ọ̀lù lórí ihò 12 yìí. Àwọn àgbà wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìlú tí ó bá fẹ́ dá ohun àjọní sílẹ̀, ì báà ṣe ọjà, ì báà ṣe pápá ìṣeré, kí ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ rẹ̀ àti agbára rẹ̀. Ohun kékeré tí a lè tọ́jú sàn ju ohun ńlá tí a ó pa tì lọ.