Etí àti Ojú Nídìí Katakata Àtijọ́

 

Ilẹ̀ Rẹ́mọ ti pẹ́ nídìí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ni Tai Solarin ti dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní ọdún 1956, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro oko. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, tí katakata kò sì ṣiṣẹ́, ọkọ́ ni àgbẹ̀ yóò padà sí. Àfojúdá ni ó sì ń sọ ọ̀pọ̀ katakata àtijọ́ di ilé aláǹgbá: a ń pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, owó tán, ẹ̀rọ dúró.

Ariwo ẹ̀rọ yìí wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, etí ni kí a kọ́kọ́ lò. Kí ni ẹ́ńjìnì náà ń mu? Bí ó bá jẹ́ dísù, kò ní plọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Àsìkò tí pọ́ńpù ń ta epo ni kí a yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ pẹtiróòlù, àsìkò ìṣáná ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí iná bá yá jù, a ó gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fa ẹrù. Irin tí a fi ń yí i lè ta padà, kí ó sì dá ènìyàn lọ́rùn ọwọ́. Bí iná bá pẹ́ jù, agbára yóò dínkù, ẹ́ńjìnì yóò sì gbóná.

Kí a kọ́kọ́ nu ẹnu kọ́ńtáàtì, kí a sì wọn àlàfo rẹ̀, nítorí bí àlàfo bá yí, àsìkò yóò yí. Lẹ́yìn tí a ti pa kọ́kọ́rọ́, kí a tú plọ́ọ̀gì kìíní, kí a fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, kí ẹnìkejì sì rọra yí ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti àtàǹpàkò, písítìnì ń bọ̀ lókè. Kí ó yí i títí àwọn àmì yóò fi bára mu. Kí a wá so wáyà gílóòbù kan mọ́ kọ́ńtáàtì, èkejì mọ́ ara ẹ́ńjìnì, kí a ṣí kọ́kọ́rọ́, kí a sì rọra yí dìsítíríbútọ̀. Ibi tí gílóòbù bá ti tàn gan-an ni kí a dè é sí.

Ní ti jíjò, ojú ni ó kàn. Òjò pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Bákan náà ni ìdọ̀tí ń pa ọ́ìlì ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ ti gíábọ́ọ̀sì. Kí a fọ ẹ̀rọ, kí ó gbẹ, kí a tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ibi tí ó ga jù lọ tí ó tutù ni kí a wò, nítorí ọ́ìlì a máa ṣàn wálẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì a máa dúdú; ti gíábọ́ọ̀sì a máa ki, ó sì ní òórùn tirẹ̀. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Kí a pa ẹ̀rọ náà kíá. Kí a tó ra síìlì tuntun, kí a wo ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí: bí ó bá dí, èémí inú yóò ti ọ́ìlì jáde lára síìlì tí kò bàjẹ́.

Àìsàn méjèèjì a tún máa pàdé: ọ́ìlì tí ó bá wọ dìsítíríbútọ̀ a máa ba kọ́ńtáàtì jẹ́, iná a sì ṣe ségesège.

Ẹ̀yin olùkọ́, èdè Yorùbá gba gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Bí a kò bá kọ wọ́n sílẹ̀, àwọn àgbà mẹkáníìkì yóò gbé wọn lọ. Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ìdí ẹ̀rọ. Kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n tó gbé sípánà.